Ẹsẹ̀ tó máa ru ẹran sọ̀ kalẹ̀: bí ẹ ṣe máa múra ara sílẹ̀ fún ọdẹ elk ní Colorado

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo lọ ṣọdẹ elk, ẹranko ńlá tó jọ àgbọ̀nrín, ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ mẹ́jọ ni mo gbà lẹ́nu iṣẹ́, mẹ́ta péré ni mo lò nínú igbó. Kì í ṣe pé mi ò múra. Odindi oṣù mẹ́ta ni mo fi ń sáré ládùúgbò mi ní Houston, tí mo ń gbé irin ní jíìmù, tí ìyàwó mi ń pè mí ní ṣọ́jà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹrin máa fi mọ́, orúnkún mi ọ̀tún ti wú débi pé ṣòkòtò ò fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Orí ń fọ́ mi. Mo dùbúlẹ̀ sínú àgọ́, mo ń gbọ́ akọ elk tó ń ké bíi fèrè ní òdìkejì àfonífojì, mi ò sì lè dìde.

Àṣìṣe tèmi yẹn náà ni mo ń rí lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bi mí léèrè: a máa ń kọ́ ara bó ṣe máa gun òkè, a kì í kọ́ ọ bó ṣe máa ru ẹrù sọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Akọ elk tó ti gbó dáadáa lè wọn kìlò 300, màlúù kan ni. Tí ẹ bá kun ún, tí ẹ yọ gbogbo egungun, ẹran tó máa kù á tó nǹkan bíi kìlò 90 sí 110. Òfin Colorado ò sì gbà kí ẹ fi ẹran tó ṣeé jẹ sílẹ̀ sínú igbó kó jẹrà. Ẹni kan ṣoṣo tó bá ń ru kìlò 25 lẹ́ẹ̀kan máa rìn ín ní ìgbà mẹ́rin ó kéré tán. Tí ibi tí ẹran ṣubú sí bá fi kìlómítà 5 jìnnà sí ọkọ̀, ìgbà mẹ́rin tẹrù-tẹrù àti ìgbà mẹ́ta lọ́wọ́ òfo nìyẹn: kìlómítà 35, lórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú, níbi tó ga tó mítà 3,000. Iṣẹ́ yìí gan-an la fẹ́ múra fún.

OHUN TÍ Ẹ MÁA KỌ́KỌ́ WÁ

Àkókò ló ṣáájú: ọ̀sẹ̀ 16. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ni àsìkò àwọn tó ń fi ọrun àti ọfà ṣọdẹ máa ń ṣí ní Colorado, nítorí náà àárín oṣù Karùn-ún ni ẹ máa bẹ̀rẹ̀. Àárín oṣù Kẹwàá ni àwọn oníbọn máa ń wọlé. Tí ẹ bá jẹ́ oníbọn, ìparí oṣù Kẹfà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá ti pẹ́ jù, ẹ fi ọdún yìí sílẹ̀, tàbí kí ẹ ṣọdẹ nítòsí ọ̀nà mọ́tò.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá:

- búùtù tó bo kókósẹ̀, tí ẹ máa wọ̀ lọ gan-an, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn mẹ́ta;
- báàgì ẹ̀yìn tó ní igi tàbí irin nínú, tó sì ní bẹ́líìtì ìbàdí tó nípọn;
- ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì;
- àtẹ̀gùn, tàbí àpótí líle kan tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 30;
- aago ọwọ́ àti ìwé kékeré kan tí ẹ máa máa kọ nǹkan sí.

Ẹ má ra ẹrù ìdánrawò rárá. Àpò ìrẹsì kékeré tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa wọn kìlò 9, àpò gàrí kékeré tó kìlò 4 àti ààbọ̀, lítà omi kan sì jẹ́ kìlò 1 géérégé. Ìrẹsì tí mo gbé kiri lọ́dún tó kọjá, òun náà la fi ṣe jọ̀lọ́ọ̀fù nígbà tí mo dé.

ÌPELE 1: Ẹ JẸ́ KÍ DÓKÍTÀ YẸ̀ YÍN WÒ

Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ṣúgà, àti ọkàn, pàápàá tí ẹ bá ti lé ní ogójì ọdún tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wà nílé yín. Èyí ò ní àlàyé púpọ̀.

Èyí tó ní àlàyé ni jẹ́nótáìpù. Ọ̀pọ̀ wa ló mọ tiwa nítorí ìgbéyàwó. Òkè náà ń béèrè ẹ̀. Ẹni tó jẹ́ SS, ọdẹ orí òkè yìí kì í ṣe tirẹ̀, nítorí pé àìtó afẹ́fẹ́ níbẹ̀ lè dá ìrora fòníkú-fọ̀ladìde sílẹ̀. Ẹni tó jẹ́ AS lè lọ, àmọ́ kó má ṣe bí ẹni tí kò ní nǹkan kan. Iṣẹ́ àṣekúdórógbó, òùngbẹ àti òkè gíga lè para pọ̀ mú kí ẹ̀jẹ̀ dí nínú ọlọ inú rẹ̀. Bí ìrora gbígbóná bá mú un lábẹ́ ìhà òsì níbẹ̀, kó sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó sì gba ilé ìwòsàn lọ. Kó sọ fún wọn pé AS ni òun, torí pé gbogbo dókítà kọ́ ló máa rántí béèrè. Nínú ooru ilẹ̀ pẹrẹsẹ pàápàá, kó máa ṣe ìdánrawò rẹ̀ ní ìwọ̀n-ìwọ̀n, kó máa sinmi láàárín, kó sì máa mu omi.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: wọ́n á sọ fún dókítà pé “mo fẹ́ lọ rìn díẹ̀ lórí òkè”. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹ fẹ́ ru kìlò 25 ní gíga mítà 3,000, fún ọjọ́ mélòó kan, níbi tí ọkọ̀ ò lè dé. Tí dókítà bá gbọ́ ìyẹn tó sì ní kí ẹ máa lọ, ìpele yìí ti parí.

ÌPELE 2: Ẹ WỌN IBI TÍ Ẹ WÀ

Ẹ wá àtẹ̀gùn kan. Láìru nǹkan kan, ẹ gùn ún, ẹ sọ̀ ọ́, fún ìṣẹ́jú 20, pẹ̀lú ìrìn tí ẹ lè dúró tì. Ẹ ka iye àjà tí ẹ gùn. Bí ẹ ṣe dúró báyìí, ẹ ka iye ìgbà tí ọkàn ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un kà. Ó yẹ kó ti wálẹ̀ ju 12 lọ. Tí kò bá wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà kí ẹ tó tẹ̀síwájú. Ẹ kọ iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé, ẹ kọ déètì sí i. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ márùn-márùn-ún, ẹ padà síbi àtẹ̀gùn yẹn kan náà.

ÌPELE 3 (ọ̀sẹ̀ 1 sí 5): ÈÉMÍ

Ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, ẹ rìn kíákíá. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú 45. Kí ọjọ́ kan nínú mẹ́rin máa gùn sí i títí á fi di wákàtí kan àti ààbọ̀ ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún.

Ìwọ̀n ìyára ló ṣòro, nítorí pé ìyára tó tọ́ máa ń dà bí ọ̀lẹ. Àwọn tó ní aago máa yọ ọjọ́ orí wọn kúrò nínú 220, wọ́n á sì máa rìn ní ìdá 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó kù. Ẹni ọdún 45 á wà láàárín 105 sí 122. Èmi, oríkì ni mo ń lò. Tí mo bá lè ki oríkì ilé bàbá mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìjẹ́ pé mo já èémí sí àárín gbólóhùn, ìrìn náà dáa. Tí mo bá ń gbé ọ̀rọ̀ mì, mo ti yára jù. Àwọn ará àdúgbò ti mọ̀ mí sí ọkùnrin tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ìdájí.

Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ẹ ṣe ti okun ara nílé fún ìdajì wákàtí: ẹ lóṣòó kí ẹ sì dìde, ẹ gun àpótí lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìgúnpá àti ọmọ-ìka ẹsẹ̀ dúró gbọnrangandan bíi pákó. Mẹ́wàá-mẹ́wàá, ìgbà mẹ́ta. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, inú búùtù ni kí ẹ ti máa rìn.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: eré sísá lójoojúmọ́, títí eegun ojúgun á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Ìkejì ni ooru. Ní Houston, tí ẹ bá jáde lẹ́yìn aago mẹ́jọ àárọ̀ nínú oṣù Keje, òógùn nìkan lẹ máa kó bọ̀. Aago márùn-ún ìdájí ni kí ẹ jáde, kí omi wà lọ́wọ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ rin wákàtí kan àti ààbọ̀ láìdúró, oríkì ò sì já. Bí ọkàn ṣe ń lù nígbà tí ẹ bá jí, kí ẹ tó kúrò lórí ibùsùn, kò ga ju ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ.

ÌPELE 4 (ọ̀sẹ̀ 6 sí 10): ẸRÙ

Àpò ìrẹsì kan, kìlò 9, la fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa fi nǹkan bíi kìlò 2 kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹwàá, àpò méjì ló wà nínú báàgì. Ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́sẹ̀ ni kí ẹ rù ú, pẹ̀lú ọjọ́ méjì láàárín. Ọjọ́ ìrìn yòókù, ẹ rìn lásán.

Bí ẹ ṣe di ẹrù ṣe pàtàkì ju bó ṣe wúwo lọ. Ẹ wo bí ìyá ṣe ń pọn ọmọ: ọmọ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ọ̀jà fún un, ìwúwo rẹ̀ sì jókòó lórí ìbàdí. Ọmọ tí ọ̀jà rẹ̀ tú máa fà sẹ́yìn, ìyá á tẹ̀ síwájú, ẹ̀yìn á máa ro ó. Bí ẹrù inú báàgì ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹ gbé èyí tó wúwo jù lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn gan-an, láàárín èjìká méjèèjì sọ́wọ́ ìsàlẹ̀. Ẹ fi aṣọ tàbí ìrọ̀rí ká a mọ́ kó má baà rìn. Ẹ kọ́kọ́ de bẹ́líìtì ìbàdí mọ́ orí egungun ìbàdí, kì í ṣe mọ́ ikùn, kí ẹ tó fa okùn èjìká. Tí èjìká bá ti ń ta yín kí wákàtí kan tó pé, bẹ́líìtì ti yọ̀ wálẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń gbé ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi tiwa, ẹ má wá òkè kiri. Ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà márùn-ún ga tó nǹkan bíi mítà 15. Ìgbà 20 nínú rẹ̀ jẹ́ mítà 300. Ìdajì ọjọ́ kan lórí òkè nìyẹn.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: wọ́n á fi ẹrù kún ẹrù nítorí pé ọ̀sẹ̀ yìí rọrùn. Èémí máa ń le kíákíá, iṣan tẹ̀ lé e, àmọ́ okùn orúnkún àti ti gìgísẹ̀ máa ń lọ́ra. Òun ló máa já. Ẹ má fi ẹrù sáré láé. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹrù ìdánrawò kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ara yín.

ÌPELE 5 (láti ọ̀sẹ̀ 7, pẹ̀lú ti òkè yìí): SÍSỌ̀

Ibi tí orúnkún mi ti kú lọ́dún àkọ́kọ́ nìyí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n lọ díẹ̀díẹ̀.

Tí a bá ń gòkè, iṣan iwájú itan ń sún kì bó ṣe ń gbé wa. Tí a bá ń sọ̀, iṣan kan náà ń nà bó ṣe ń dá wa dúró. Iṣẹ́ kejì yìí ló ń fà á ya jù, ìrora rẹ̀ kì í sì í dé lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì ló máa ń dé. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó gun òkè bí ewúrẹ́ lánàá fi ń dì mọ́ igi lónìí.

Ẹ dúró lórí àtẹ̀gùn kan, ẹsẹ̀ ọ̀tún lókè, ẹsẹ̀ òsì lófuurufú. Ẹ tẹ orúnkún ọ̀tún díẹ̀díẹ̀, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, kí gìgísẹ̀ òsì tó kan ilẹ̀ fẹ́ẹ́. Ẹ dìde. Mẹ́jọ lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìgbà mẹ́ta, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ẹ má ru nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Kí orúnkún máa tọ ìka ẹsẹ̀ kejì. Kó má yà sínú. Nínú ilé ìgbọ́kọ̀sí ni mo ti ń ṣe tèmi, níwájú gíláàsì mọ́tò aláwọ̀ dúdú kan tí ẹni tó ni ín kì í tètè dé. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé orúnkún ọ̀tún mi ń kí èkejì ní gbogbo ìgbà tí mo bá kà dé ẹ̀ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tún un ṣe.

Ẹ máa gbọ́ ọgbọ́n kan: ẹ ru omi nínú kẹ́ẹ̀gì gòkè, ẹ dà á nù lókè, ẹ sọ̀ lófìfo kí orúnkún lè sinmi. Ó dáa fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jáwọ́ ńbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń da ẹran nù lókè. Láti ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ẹrù tí ẹ rù gòkè ni kí ẹ rù sọ̀: ìdajì rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ nígbà tó bá yá.

Ẹ gé èékánná ẹsẹ̀. Ẹ fún okùn búùtù le níbi kókósẹ̀ kí ẹ tó sọ̀, kí ọmọ-ìka má baà máa gbá iwájú bàtà. Ẹ fa ọ̀pá ìtilẹ̀ gùn sí i díẹ̀. Níbi tí gìgísẹ̀ bá ti ń gbóná, ẹ dúró kí ẹ lẹ téèpù mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀. Tí ìléròrò bá ti yọ, ọjọ́ mẹ́ta ti lọ nìyẹn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi kìlò 15 sọ àjà 40. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ sọ àtẹ̀gùn ilé yín pẹ̀lú ojú síwájú, láìdi ògiri mú. Tí ẹ bá ń fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀ bí alákàn, ẹ dín ẹrù kù fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún un ṣe.

ÌPELE 6 (ọ̀sẹ̀ 11 sí 14): ỌJỌ́ TÓ JỌ ỌJỌ́ ỌDẸ

Sátidé, ẹ rìn fún wákàtí márùn-ún pẹ̀lú kìlò 12. Sọ́ńdè, lórí ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ yẹn, ẹ ru ẹrù ẹran fún wákàtí méjì: kìlò 20 ní ọ̀sẹ̀ 11, kó tó 25 ní ọ̀sẹ̀ 13. Àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ gbé e sí Jímọ̀ àti Sátidé. Kí ọjọ́ méjì tẹ̀ lé ara wọn ni kókó ibẹ̀.

Oúnjẹ tí ẹ máa jẹ lórí òkè ni kí ẹ máa jẹ. Gàrí, kúlíkúlí àti ẹ̀pà ni mo ń kó: wọn ò wúwo, wọn ò béèrè iná, gíráàmù 100 gàrí sì ní kálórì bíi 350. Àmọ́ gàrí Ìjẹ̀bú tó kan gan-an lè máa ta ikùn ẹni tó ń ṣe wàhálà; nílé ni kí ẹ ti mọ̀.

Ní ibi ìdánrawò ọfà, ẹ gbé báàgì, ẹ gun àpótí ní ìgbà 30, ẹ sọ báàgì kalẹ̀, ẹ ta ọfà kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Mo ta èyí àkọ́kọ́ sínú koríko. (Ẹ má gbé ọrun lọ síbi ìgbọ́kọ̀sí o. Ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ ò mọ ọdẹ.)

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ padà síbi àtẹ̀gùn Ìpele 2, pẹ̀lú kìlò 9 lẹ́yìn. Iye àjà yẹn kan náà ní ìṣẹ́jú 20, ọkàn ò sì lù jù ti ìgbà náà lọ.

ÌPELE 7 (ọ̀sẹ̀ 15 àti 16): Ẹ SINMI

Ẹ gé gbogbo rẹ̀ sí ìdajì, kò sí ẹrù tó ju kìlò 12 lọ. Ẹ̀rù á ba yín pé okun ti ń lọ, kò lọ. Ẹ má ra bàtà tuntun.

ÌPELE 8: AFẸ́FẸ́ ÒKÈ

Ní mítà 3,000, ọ́síjìn tó ń wọlé pẹ̀lú èémí kan kò ju nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ti etí òkun lọ. Kò sí àtẹ̀gùn Houston tó lè kọ́ yín ní èyí. Ara líle kì í dènà àìsàn òkè. Ẹni tó lágbára tiẹ̀ máa ń kó sí i kíákíá, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbé e dé ibi tí orí rẹ̀ ò tíì gbà.

Ẹ sun oorun ọjọ́ kan tàbí méjì ní Denver, tó wà ní nǹkan bíi mítà 1,600. Ẹ sun ọjọ́ kan sí i níbi tó tó 2,400 kí ẹ tó wọgbó. Lẹ́yìn mítà 3,000, ẹ má sun ibi tó fi ju mítà 500 lọ ga ju ti àná. Ẹ má mu ọtí, ẹ má lo oògùn oorun. Ẹ rìn jẹ́jẹ́ ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, bí elk tiẹ̀ ń ké létí yín. Oògùn kan wà tí dókítà lè kọ fún yín. Ẹ béèrè rẹ̀ ní Ìpele 1.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ àti lálẹ́: orí fífọ́, èébì, òòyì, àìlèsùn. Tí méjì bá pé, ẹ dúró síbi tí ẹ wà, ẹ má gòkè. Tí èémí bá ń hán nígbà tí ẹ jókòó, tí ikọ́ bá ń mú ìfófòó wá, tàbí tí ẹnì kan ò lè rìn lórí ìlà tààrà kan ní gìgísẹ̀-kan-ọmọ-ìka, ẹ sọ̀ kalẹ̀, lóru pàápàá.

ÌPELE 9: ẸRAN TI ṢUBÚ

Ẹ bó awọ kíákíá kí ooru inú ẹran lè jáde. Ìrìn àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi ru èyí tó wúwo jù, torí ara ṣì yá. Ẹ̀yà itan ẹ̀yìn akọ ńlá pẹ̀lú egungun lè kọjá kìlò 30: ẹ yọ egungun, tàbí kí ẹ pín in. Ohun tí ẹ ò rù rí nílé, ẹ má rù ú níbẹ̀.

Ẹ má fi ẹ̀yìn gbé e láti ilẹ̀. Ẹ gbé báàgì sórí igi tó ṣubú, ẹ jókòó kọ ẹ̀yìn sí i, ẹ de bẹ́líìtì, ẹ fi orúnkún kan kúnlẹ̀, ẹ fi ọ̀pá méjèèjì ti ara yín dìde.

Ní ìdí mọ́tò, kí ẹ tó padà lọ gbé òmíràn: ẹ jẹun, ẹ mumi, ẹ pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀, ẹ wo gìgísẹ̀. Ẹ wá sọ̀ ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan láìru nǹkan kan. Tí itan bá ń gbọ̀n, ẹ lọ sùn. Òtútù òru ibẹ̀ máa ń tọ́jú ẹran tí wọ́n ti bó, tí wọ́n so kọ́ sórí ẹ̀ka nínú ibòòji, tó jìnnà sí ìfun, kí béárì má baà bá a níbẹ̀. Ẹ padà lọ gbé e ní ìdájí, kí oòrùn tó kàn án.